Ìkúnlẹ̀ Tí O Fún Ẹlòmíràn

Trans-Ekulu,
Enugu.

Dámilọ́lá, Àṣàkẹ́ mi,

Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í gba ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ kọjá lọ kúnlẹ̀ fún ẹlòmíràn. N kò ní fi ìkíni bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí, nítorí ìkíni gan-an ni ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú rẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí ó kọjá, nígbà tí eré yín parí, tí àwọn òǹwòran ṣì ń pàtẹ́wọ́, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́. Mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin ni ó wà nínú rẹ̀. Ewé ni mo fi pọ́n ọn, ewé tí mo wọ kékè lọ rà ní ọjà Ogbete, nítorí mo mọ̀ pé o kò fẹ́ràn èyí tí wọ́n ń sè nínú ike. O sọ̀kalẹ̀ láti orí ìtàgé. O rí mi. Mo mọ̀ pé o rí mi, nítorí o juwọ́ sí mi, o ní, "Mọ́mì, ẹ ṣé o!" bí ẹni tí ó ń kí aládùúgbò láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ni o kọjá lọ bá Ìyáàfin Ifeoma, olùdarí eré yín. O kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì níwájú gbogbo ènìyàn, o di ọwọ́ rẹ̀ mú, o sì wí pé, "Nne, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí ènìyàn ṣe ń yí padà."

Ìyá ni àwọn Ígbò ń pè ní Nne. Mo ti pẹ́ tó ní ìlú yìí láti mọ ìyẹn.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé Ìyáàfin náà kò tilẹ̀ mọ ohun tí o fún un. Ó yára fà ọ́ dìde, ó ní, "Dìde, dìde, aṣọ rẹ á dọ̀tí!" Aṣọ! Àfi bí ẹni tí a gbé wúrà fún, tí ó ń ṣàníyàn nípa àpò tí a fi gbé e wá. Èmi tí mo mọ bí ìkúnlẹ̀ ti wúwo tó, fúláàsì ni mo gbá mọ́ àyà lẹ́nu ọ̀nà. N kò gbé e fún ọ mọ́. Mo gbé e padà sílé, bàbá rẹ sì fi mọ́ínmọ́ín yẹn jẹun títí ó fi tán, kò béèrè ìdí.

Ṣé o rántí ìgbà tí o ṣíwọ́ kíkúnlẹ̀ fún mi? Kò tíì pé sáà kan tí o wọ ilé ìwé girama. Mo wá mú ọ lẹ́nu géètì, o dúró gbọnrangandan, o ní, "Mọ́mì, kò sí ẹni tí ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí. Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín." Mo rò ó, mo sì gbà. Mo ní ọmọ tí a bí sí Enugu gbọ́dọ̀ lè dúró láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, "Mọ́mì, good morning" ni mò ń jẹ lówùúrọ̀, lórí ìdúró. Mo rò pé orúnkún rẹ ti gbàgbé ni. Mi ò mọ̀ pé kò gbàgbé, pé ó kàn ń fi ara rẹ̀ pamọ́ de ẹlòmíràn ni.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìsìn, o wá sọ fún wa pé Ìyáàfin Ifeoma ti gbà ọ́ síṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí igbákejì olùdarí ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀, pé o sì ń kó lọ sí yàrá kan nínú ọgbà rẹ̀ ní àdúgbò Maryland, níhìn-ín ní Enugu. O ní kí n súre fún ọ. Mo dáhùn pé ẹni tí ó ti ní ìyá méjì, kí ó lọ gba ìre lọ́wọ́ èyí tí ó kúnlẹ̀ fún. O sunkún jáde. O kò mú ẹrù kankan. Àpótí rẹ ṣì wà nínú yàrá rẹ, mo ti yàrá náà pa, mo sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró mi. Mi ò ní orogún nílé ọkọ, Dámilọ́lá. Orí ìtàgé ni orogún ti wá bá mi.

Nítorí náà, jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó lè dájú ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ́ ọ. Bí o bá bá ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò yé ọ pàdé nínú ìwé yìí, pe bàbá rẹ lórí fóònù. Má ṣe gbé e fún Ìyáàfin Ifeoma.

Èkínní. Ìyípadà ẹ̀dá-ìtàn kì í bẹ̀rẹ̀ ní ìran tí ó ti yí padà. Inú ìran kìn-ín-ní ni a ti ń gbin ín. Èmi kò mọ èyí nígbà tí mo wà ní ọmọ ilé ìwé girama. Wọ́n fi mí ṣe olorì ìkà kan tí ó ronú pìwà dà ní ìparí eré. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń jágbe, tí mo ń fajú ro, tí mo ń ti ènìyàn ṣubú. Nígbà tí ó di ìran tí ó kẹ́yìn, mo bọ́ aṣọ dúdú, mo wọ funfun, mo sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹ̀rín ni gbogbo gbọ̀ngàn bú sí. Olùkọ́ wa pè mí sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó ní, "Aṣọ rẹ ti ronú pìwà dà. Ìgbà wo ni olorì fúnra rẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀?" Mo sunkún títí mo fi dé ilé ibùsùn àwa akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni ó sọ. Ẹni tí kò ní ohun rere kankan nínú láti ìbẹ̀rẹ̀, níbo ni yóò ti mú un wá ní ìparí?

Ìdí nìyí tí mo fi bi ọ́, nígbà tí o gbé ìwé eré yín wá sílé, pé kí ni Adaora, obìnrin tí wọ́n ní kí o ṣe nínú eré náà, fẹ́ràn. O ní kò fẹ́ràn nǹkan kan. Opó ni, òun nìkan ni ó ní tánkì omi ní gbogbo àdúgbò, ó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní omi, títí kan ìyá ọkọ rẹ̀ arúgbó tí ó ń gbé yàrá kejì. Mo ní kí o lọ tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni o kà á kí o tó rí ibi tí ó ti da ìṣẹ́kù omi inú garawa sí ìdí ata ìyá ọkọ rẹ̀ nígbà tí ó rò pé ẹnikẹ́ni kò wo òun. Mo ní, "Ibẹ̀ ni. Má sáré kọjá níbẹ̀." Ní ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé, mo gbọ́ bí àwọn òǹwòran ti mí kanlẹ̀ níbi ata yẹn. Nne rẹ kọ́ ni ó fi hàn ọ́.

Èkejì. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Aṣọ tí a tẹ̀ bọ inú aró lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ á rí ràndánràndán bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibà dìde. A máa tẹ̀ ẹ́, a sá a, a tún tẹ̀ ẹ́ ni. Ní ilé ìdáná wa ni mo ti bi ọ́, bí o ti ń bó ẹ̀wà: "Níbo ni kọ́kọ́rọ́ wà ní ìran yìí?" O ní ọrùn. "Èyí tí ó tẹ̀lé e ńkọ́?" O ní ọrùn. Mo ní, "Ní gbogbo eré? Ọrùn kò ha ní rẹ̀ ẹ́?" O rẹ́rìn-ín títí ẹ̀wà fi dànù. Láti ọjọ́ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti ń rìn: ọrùn ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn náà orí tábìlì, tí Adaora ń wò ó tí kò fọwọ́ kàn án. Mo gbọ́ pé Ìyáàfin Ifeoma yìn ọ́ gidigidi nítorí kọ́kọ́rọ́ yẹn. Ǹjẹ́ o sọ fún un ibi tí o ti rí i? Mo kàn ń béèrè ni.

Ẹ̀kẹta nìyí, èyí sì ni ó ń ta mí lára. Èmi ni mo sọ fún ọ pé, ní ìparí, nígbà tí Adaora bá gbé omi fún ìyá ọkọ rẹ̀, kí ó kúnlẹ̀. Kí ni ó tún kù tí ìyàwó ilé lè fi hàn pé ìgbéraga òun ti tán? O gbà mí gbọ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀, o kúnlẹ̀ pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́, ó gún régé, omi kò dà. Ojú mi kún fún omijé. Ni ọkùnrin kan bá kígbe láti ẹ̀yìn ní Píjìn pé, "Madam, kí ló jábọ́? Ṣé kọ́kọ́rọ́ ni?" Ẹnìkejì rẹ̀ ní, "Wo abẹ́ àga!" Gbogbo gbọ̀ngàn dà sẹ́rìn-ín. Ìyá ọkọ orí ìtàgé gan-an ń fẹ̀hìn ọwọ́ bo ẹnu.

Mo fẹ́ kí o mọ̀ pé n kò tíì yí ọkàn padà lórí ìkúnlẹ̀ yẹn. Ká ní Ìbàdàn ni, sunkún ni wọn ì bá sun. Ṣùgbọ́n Enugu ni a wà, obìnrin Ígbò sì ni Adaora. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kì í kúnlẹ̀ kí àgbà, nítorí náà ẹni tí ó bá kúnlẹ̀ lójú wọn, nǹkan ni ó ń wá nílẹ̀. Mo fi orúnkún ìyá mi sí ara obìnrin tí kò ní in. Àṣìṣe mi ni. Kí ó tó di Sátidé, Ìyáàfin Ifeoma ti yọ ìkúnlẹ̀ kúrò. Ó ní kí Adaora dúró, kí ó bu omi fún arúgbó náà, kí ó sì gba ife náà padà kí ó mu ìṣẹ́kù rẹ̀, ìṣẹ́kù arúgbó tí Adaora kì í fẹ́ kí òjìji rẹ̀ kan ilẹ̀kùn òun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Obìnrin tí ó jókòó tì mí bú sẹ́kún, ó sì gba áńkáṣíìfù mi láìtọrọ.

Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Mo ríran. Obìnrin náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí n fẹ́rẹ̀ẹ́ fún fúláàsì yẹn ní ọwọ́ mi bí ẹni ń fún ọrùn adìyẹ.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ìjowú yìí ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi ìtàgé jẹun. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ti olorì, akẹgbẹ́ mi kan tí ń jẹ́ Fọlákẹ́ ni wọ́n gbé ipò aṣíwájú fún. Èmi di ìránṣẹ́bìnrin tí ó ní gbólóhùn kan péré: "Kábíyèsí, àlejò ti dé." Mo bínú. Mo kọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ Fọlákẹ́ sórí, mo ń retí kí ọ̀fun dùn ún. Ọ̀fun kò dùn ún. Ní ọjọ́ eré, mo dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé, mo ń sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́ tẹ̀ lé e, ó sì dùn mọ́ mi débi pé n kò gbọ́ nígbà tí ó kàn mí. Kábíyèsí dúró. Àlejò dúró. Fọlákẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó wí pé, "Kábíyèsí, ó jọ pé àlejò ti dé, ìránṣẹ́ wa ti sùn lọ." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Dámilọ́lá, ẹni tí ó bá ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yóò pàdánù tirẹ̀. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré tí o ń lọ yìí, a ó gbé ipò fún ẹni tí kò tó ọ. Kọ́ tìrẹ. Sọ ọ́ nígbà tí ó bá kàn ọ́.

Mo kọ gbólóhùn yẹn tán, mo sì gbé bírò sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, nítorí mo mọ ẹni tí ó bá wí.

Ohun mìíràn tún wà: ìyípadà tí kò náni ní nǹkan kan, ìtànjẹ ni. Bí òjò bá ti rọ̀ tán tí Adaora wá ń pín omi, ta ni yóò gbà á gbọ́? Ìgbà tí ọkọ̀ olómi kò wá, tí tánkì ti ń dún bí agogo, ni ó bu omi fún arúgbó. Máa wádìí èyí nínú gbogbo eré tí wọ́n bá gbé lé ọ lọ́wọ́. Kí ni ẹni yìí ń fi sílẹ̀? Bí kò bá fi nǹkan kan sílẹ̀, dá ìwé náà padà fún òǹkọ̀wé.

Ní àná, lẹ́yìn oúnjẹ, bàbá rẹ ká ìwé ìròyìn rẹ̀ kò, ó sì wò mí. O mọ̀ ọ́n. Kì í sọ̀rọ̀ títí yóò fi rí èyí tí yóò dunni.

"Ìyá Dámi, ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìkúnlẹ̀?"

Mo ní, "Èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́?"

"Ìyáàfin Maryland yẹn ńkọ́, ṣé ó mọ̀ ọ́n?"

"Kò mọ nǹkan kan níbẹ̀. Aṣọ ló ń bẹ̀rù fún."

"Ó dára. Ọmọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì àti Píjìn, nígbà tí ọpẹ́ kún inú rẹ̀ tí ẹnu kò gbà á mọ́, ohun-èlò ta ni ó sáré mú?"

Ó tún ní, "Ìwọ lo ya Ìyáàfin yẹn ní ìkúnlẹ̀, tí o wá ń bínú pé ó gbà á."

Mo ní, "Bàbá Dámi, ẹ má fi mí ṣe eré orí ìtàgé."

Ó ní, "Èmi kọ́. Ìwọ ni kọ́kọ́rọ́ ń dún ní ìdí rẹ bí Adaora."

Mo dìde lọ sí ilé ìdáná. Kọ́kọ́rọ́ náà sì ń dún lóòótọ́. N kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ Àìkú.

Má ṣe rò pé inú mi ti yọ́ tán. Ìjowú mi ṣì wà níbẹ̀, mo sì gbà pé ẹ̀tọ́ mi ni díẹ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹni kò ní ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Wọn kò sọ ohun tí a ó ṣe bí ọmọ ẹni bá bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ náà lọ fún ìyá ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ ọ pé kí o wo ọwọ́ ènìyàn, kì í ṣe ẹnu rẹ̀, bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń yí padà. Ọwọ́ mi nìyí.

Ní Maryland, kí o máa jí kí Ìyáàfin Ifeoma kí ó tó kí ọ. Má ṣe wọ ilé ìdáná rẹ̀ láìtọrọ àyè. Bí ó bá tọ́ ọ sọ́nà níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, gbà á. Bí o bá ní èsì, fi í pamọ́ di ìgbà tí ẹ̀yin méjèèjì bá wà. Máa pè é ní Nne bí ó bá wù ọ́, nítorí èdè rẹ̀ ni. Ìyá, ní Yorùbá, fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Wọ́n ní ẹ ó tún ṣe eré náà ní Sátidé yìí. N ó wá. Nígbà tí ó bá parí, èmi ni kí o kọ́kọ́ wá bá. Kí o kúnlẹ̀ dáadáa níbi tí mo bá wà, bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, kí wọ́n rẹ́rìn-ín. N ó sì sú ìre tí mo fi dù ọ́ ní ọjọ́ Àìkú fún ọ. Lẹ́yìn náà kí o mú mi lọ bá Ìyáàfin Ifeoma, kí o sọ ẹni tí mo jẹ́ fún un, kí o sì sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ orí tábìlì. Fúláàsì méjì ni n ó gbé wá. Èyí tí ó tóbi jù ni tirẹ̀, nítorí àlejò wa ni. Ní ọjọ́ Ajé, wá kó àpótí rẹ. Mo ti tú kọ́kọ́rọ́ kúrò létí ìró mi, ara ilẹ̀kùn yàrá rẹ ni mo fi í sí. Ṣí i fúnra rẹ.

Ìyá rẹ.